Bí A Ti Ń Bá Ológbò àti Àwọn Ẹran Ilé Gbé Pọ̀

Ní Àjàṣẹ́, ìlú ńlá etí ọ̀sà tí ìwé ìjọba ilẹ̀ Benin ń pè ní Porto-Novo, kò wọ́pọ̀ kí a rí agbo ilé tí ó jẹ́ pé ènìyàn nìkan ni ó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba àdúgbò Djègan-Kpèvi kọjá ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí àwọn ládàánì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun tán, tí àwọn ìyá tí ń lọ sí ọjà Wàndó sì ń di ẹrù wọn sẹ́yìn alùpùpù sẹ́míjàn, yóò gbọ́ àkùkọ tí ń kọ, yóò rí ẹyẹlé tí ń yan lórí páànù, yóò rí ajá tí ó na gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà, bí ó bá sì ní sùúrù díẹ̀, yóò rí ológbò kan tí ń gba orí ògiri bọ̀ wálé láti ẹnu iṣẹ́ òru rẹ̀, tí kò wo ọ̀tún, tí kò wo òsì, bí ìyálọ́jà tí ọjà rẹ̀ ti tà tán kí oòrùn tó là. Yorùbá ń bẹ ní ìlú náà, Ègùn ń bẹ níbẹ̀, àwọn ọmọ Àgùdà tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Bràsíìlì padà wá ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti ẹran ilé, ìwà wọn kò jìnnà sí ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ là yé ni ọ̀nà tí ìdílé fi ń gba àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sílé, tí ó fi ń bọ́ wọn, tí ó sì fi ń fi olúkúlùkù sí àyè rẹ̀ kí ìjà má bàa bẹ́ sílẹ̀. Nítorí pé ní èrò tèmi, ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹran nínú ilé, ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ́ ní ẹ̀kọ́, ológbò sì ni ó ń fi èyí hàn jù lọ, nítorí pé òun nìkan nínú gbogbo wọn ni okùn kò mú.

Ìdí tí a fi ń wá ológbò kò fara sin fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kó àgbàdo pamọ́ sílé rí. Ìyá tí ó ra àgbàdo ní ìgbà ìkórè, kí ó lè tà á nígbà tí ó bá gbówó lórí, èkúté ni alájọpín rẹ̀ tí kò pè. Ohun tí èkúté sì jẹ kò tó ohun tí ó bà jẹ́, nítorí yóò ya àpò, yóò tọ̀ sí oúnjẹ, yóò sì bímọ sínú àjà. Àìsàn tí ó ń gbé kiri tún burú ju àgbàdo tí ó jẹ lọ. Àjàkálẹ̀ àrùn kan tí ó ti ara eku wá bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ó sì yọ ìlú náà lẹ́nu fún ọdún púpọ̀; ibà Lassa, tí a fi orúkọ ìlú kan ní Borno sọ nígbà tí a kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, eku kan tí ń wọ ilé ni ó ń gbé e, ó sì dé Tanguiéta ní òkè ilẹ̀ Benin ní 2014. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ìran ológbò igbó kan tí ó wà ní àríwá Áfíríkà àti ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá ni ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dáko, tí wọ́n ń kó ọkà jọ, eku tẹ̀lé ọkà, ológbò sì tẹ̀lé eku. Ní erékùṣù Cyprus, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ibojì kan, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 2004, nínú èyí tí a ti sin ènìyàn kan àti ológbò kan sí tòsí ara wọn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. A kò fi okùn fa ológbò wálé: ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn wọlé, bí ilé kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ẹsẹ̀ náà ni yóò fi jáde.

Nítorí náà ni ọ̀nà tí a gbà mú un wọlé fi ṣe pàtàkì. Àwọn àgbà kì í dédé gbé ọmọ ológbò. Wọn a kọ́kọ́ bèèrè irú ìyá tí ó bí i, nítorí lọ́dọ̀ ìyá ni ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ọdẹ. Ìyá yóò kọ́kọ́ gbé òkú eku wá fún àwọn ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò gbé ààyè tí kò lè sáré mọ́ wá, yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń ṣe é. Ojú ọmọ ológbò kì í là títí yóò fi pé nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14, kò sì yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Nígbà tí a bá ń gbé e lọ, inú àpò tàbí agbọ̀n tí a dé lórí ni a ń fi í sí. Àwọn àgbà a ní kí ó má bàa mọ ọ̀nà padà ni, àǹfààní rẹ̀ mìíràn sì ni pé òkùnkùn a máa mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò sì ní bẹ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù. Bí ó bá dé ilé, a kì í tú u sílẹ̀ sí àgbàlá lójú ẹsẹ̀. Yàrá kan ni a ó fi í sí, a ó gbé omi àti oúnjẹ sí igun kan, a ó sì gbé abọ́ iyanrìn tàbí eérú sí igun kejì, nítorí ológbò kì í fẹ́ jẹun níbi tí ó ti ń yàgbẹ́. Yóò sá sábẹ́ ibùsùn, yóò máa ké lóru. Àwọn ọmọdé yóò fẹ́ fà á jáde, níbẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe pé a kì í fi agbára bá ológbò dọ́rẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ sórí ẹní, tí ó fi orí ẹja sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò rí i, òun ni ológbò yóò kọ́kọ́ wá fi ara nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni a ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, ní ìrọ̀lẹ́, kí a tó fún un lóúnjẹ, kí ebi lè dá a padà wálé. Àwọn baba wa ṣáà ti wí pé ewúrẹ́ jẹ, ó relé, àgùntàn jẹ, ó relé, àjẹìwálé ni ó ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́.

Ní ti oúnjẹ, èrò kan gbilẹ̀ ní ilé púpọ̀, pé bí a bá bọ́ ológbò yó, kò ní pa eku mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ológbò tí ó yó ń dọdẹ síbẹ̀, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ọdẹ wà. Ohun tí ebi ń ṣe fún un ni pé ó ń sọ ọ́ di olè. Ẹja tí aládùúgbò sá sórí àtẹ, ọbẹ̀ tí a kò dé dáadáa, òròmọdìẹ tí ó ṣìnà, gbogbo rẹ̀ ni ológbò tí ebi ń pa yóò nawọ́ sí, àwa tí a ni ín ni a ó sì máa gbọ́ èébú láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹran àti ẹja ni ara rẹ̀ ń fẹ́. Èròjà kan wà nínú wọn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní taurine, tí ara ológbò kò lè pèsè tó fún ara rẹ̀. Bí kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ a máa fọ́, ọkàn rẹ̀ a sì di aláìlera. Àkàsà lásán tí a fi omi pò kò lè tó o. Ní ìlú etí ọ̀sà, èyí kò nira: orí èpìyà, ìfun ẹja tí a bọ̀, edé tí ó kù nísàlẹ̀ agbọ̀n, a ó pò wọ́n mọ́ àkàsà díẹ̀ láìfi ata tàbí àlùbọ́sà sí i, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Wàrà màlúù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun gan-an ni oúnjẹ rẹ̀, a máa fún èyí tí ó ti dàgbà ní ìgbẹ́ gbuuru. Omi tí ó mọ́ ni kí a gbé kalẹ̀ fún un. Bí ó bá sì ń ṣàìsàn, a kò gbọdọ̀ fún un ní parasitamọ́ọ̀lù tí ènìyàn ń lò, nítorí hóró kan ṣoṣo lè pa á.

Ibi tí ológbò lè dé nínú ilé, ẹ̀sìn onílé ni ó sábà máa ń pinnu rẹ̀. Mùsùlùmí pọ̀ láàrin àwọn Yorùbá Àjàṣẹ́, nínú ilé wọn ológbò a sì máa sùn sórí ẹní ìkírun láìsí ẹni tí yóò lé e. Hádíìsì ni wọ́n gbé e lé: Abú Qatádà, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, ìyẹn àwọn tí ó bá Ànábì rìn, tẹ àwo omi àlùwàlá rẹ̀ fún ológbò kí ó mu, ó sì sọ pé Ànábì wí pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, pé ó wà lára àwọn tí ń rìn yí wa ká. Abú Huraira, ẹni tí hádíìsì rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo sàábé yòókù lọ, ọmọ ológbò ni a fi fún un ní orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Hádíìsì mìíràn sọ nípa obìnrin kan tí ó wọ iná nítorí pé ó ti ológbò mọ́lé, tí kò bọ́ ọ, tí kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá ti ẹnu rẹ̀. Ní ti ajá, àwo tí ó bá lá, ẹ̀ẹ̀méje ni a ó fọ̀ ọ́, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ni ibùgbé tirẹ̀. Síbẹ̀ hádíìsì náà ni ó sọ pé a forí ẹ̀ṣẹ̀ jin ẹni tí ó pọn omi kànga fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Àyè wọn yàtọ̀, ẹ̀tọ́ wọn kò yàtọ̀.

Àwọn mìíràn ń bẹ tí ẹ̀rù ológbò ń bà, pàápàá ológbò dúdú, wọn a ní ẹyẹ òru ni ó sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú tí ń tàn nínú òkùnkùn, awọ dídán kan ní ẹ̀yìn ẹyinjú ni ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí ẹranko náà lè ríran lóru; igbe tí a sì rò pé ẹkún ọmọ ọwọ́ ni, abo tí ń wá akọ ni, tàbí akọ méjì tí ń jà nítorí abo. Ó pọ̀ ní ológbò tí a ti sọ lókò pa nítorí pé ó ń wá ẹni tí yóò fẹ́.

Ajá kò ní irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lára. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó ń ṣọ́ ilé, ó ń bá ọdẹ rìn, àti pé bí ajá bá ní ẹni lẹ́yìn, a máa pa ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ó ń ṣe tí eyín rẹ̀ kò bá a dá sí, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Bí ìyàwó ilé kan bá ní ohun kan nínú sí orogún tàbí aládùúgbò rẹ̀, tí ọ̀wọ̀ kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ lójú, yóò fi ọ̀rọ̀ náà sọ ajá rẹ̀ lórúkọ. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí tọmọdé tàgbà bá jókòó síta, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, yóò sì ké pé: “Táńmọ̀la! Táńmọ̀la o! Máa bọ̀ wá jẹun!” Ajá yóò sáré dé, yóò máa jùrù, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá yóò gbọ́, kò sì ní lè jà, nítorí ta ni yóò jáde síta wí fún ayé pé òun ni wọ́n ń fi orúkọ ajá bá wí? Bí òun náà bá gbọ́n, yóò lọ wá ajá tirẹ̀, yóò sọ ọ́ ní Ẹnuayékòṣeédí, ìjíròrò náà yóò sì máa lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu bú ẹnì kejì. Àwọn Ìbàrìbá òkè ilẹ̀ Benin náà mọ àṣà yìí dáadáa, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Wendy Schottman sì ṣe àlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1993. A kì í fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rán ológbò, nítorí kò dájú pé yóò jẹ́ ìpè.

Ohun kan wà tí kò fàyè gba ẹ̀fẹ̀ rárá, òun ni dìgbòlugi. Nínú 100 ènìyàn tí àrùn náà ń pa, nǹkan bí 99 ni ó jẹ́ pé ajá ni ó kó o ràn wọ́n, ṣùgbọ́n ológbò tí ajá dìgbòlugi bá bù jẹ náà lè gbé e wọlé. Bí ó bá ti farahàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń yè é, nítorí náà àtètèṣe ni oògùn rẹ̀. Ní July 6, 1885, ní Paris, ni Louis Pasteur bẹ̀rẹ̀ sí í fún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá bù jẹ, ní abẹ́rẹ́ tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ẹni tí ajá tàbí ológbò bá bù jẹ, ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni kí a kọ́kọ́ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a má ṣe fi epo tàbí ata sí i, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Èyí tí ó sàn jù ni kí a mú ajá àti ológbò lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko bí wọ́n bá ti pé oṣù 3, kí a sì tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ti là á sílẹ̀.

Àlàáfíà láàrin àwọn ẹran fúnra wọn ni iṣẹ́ tí ó gba ọgbọ́n jù. Òwe ní kí a lé akátá lọ ná, kí a tó wá bá adìẹ wí. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé, apẹran àti adìẹ ni wọ́n ń sùn sábẹ́ òrùlé kan. Àgbébọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó mọ ọ̀nà àbáyọ jù. Nígbà tí ológbò ṣì kéré ni a ń fi í han adìẹ tí ń kó ọmọ lẹ́yìn. Yóò rọra yọ́ sún mọ́ òròmọdìẹ kan, ìdí rẹ̀ yóò máa mì, etí rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ orí. Kí ó tó fò, àgbébọ̀ yóò ti fẹ ìyẹ́, yóò sì ti fi ẹnu sọ ọ́ ní imú. Ọmọ ológbò yóò sá wọ abẹ́ àpótí, láti ọjọ́ náà lọ, bí ó bá rí ìyá òròmọdìẹ lókèèrè, yóò yà fún un lọ́nà. Ẹyẹlé kò ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni a fi ń gbé ilé rẹ̀ sórí òpó tí a fi páànù wé, kí èékánná má bàa rí ibi dì mú. Òun ni ó ní òun kò lè bá olúwa òun jẹ, kí òun bá a mu, kí ó di ọjọ́ ìṣòro kí òun yẹrí. Ó yẹ kí olúwa rẹ̀ náà má yẹrí fún un.

Ní ti ajá àti ológbò, àìgbọ́ra-ẹni-yé ni ó pọ̀ nínú ìjà wọn. Ajá tí inú rẹ̀ dùn a máa jùrù. Ológbò tí ń ju ìrù síhìn-ín sọ́hùn-ún, inú ń bí i ni. Ajá fẹ́ kí wọ́n ṣeré, ológbò rò pé ìjà dé. Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí a so ajá mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a fi ológbò sílẹ̀ ní òmìnira, kí a máa bọ́ wọn ní apá méjì ilẹ̀kùn tí a tì, kí a sì máa gbé ẹní ọ̀kan fún èkejì sùn lé, kí òórùn ara wọn lè mọ́ wọn lára. Kí ibi gíga kan sì wà tí ológbò lè gùn tí ajá kò lè dé. Odídẹrẹ́ nìkan ni n óò gba ìdílé níyànjú pé kí wọ́n má ṣe rà mọ́ sínú irú agbo bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń tán lọ nínú igbó, àwọn orílẹ̀-èdè ayé sì dìbò ní 2016, lábẹ́ CITES, àdéhùn lórí òwò àwọn ẹ̀dá igbó, láti fòpin sí òwò odídẹrẹ́ igbó láti ilẹ̀ kan sí èkejì.

Nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 ni ológbò ń lóyún, ó sì lè bímọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ibi kọ́lọ́fín ni ó ń bí wọn sí, bí ọwọ́ ọmọdé bá sì ti ń kan wọn jù, yóò fi ẹnu gbé wọn ní ẹ̀yìn ọrùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìdílé tí kò bá ní ẹni tí yóò fún lọ́mọ, kí ó mú abo náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí ó fi òpin sí ìbímọ rẹ̀. Ó sàn ju kí a máa kó ọmọ ológbò sínú àpò lọ dà sí ẹ̀yìn ọjà. Aboyún inú ilé kò gbọdọ̀ kó ìgbẹ́ ológbò, nítorí kòkòrò àrùn kan ń gbé inú rẹ̀ tí ó lè pa ọmọ inú lára. A kò sì gbọdọ̀ da májèlé sílẹ̀ fún eku ní ilé tí ológbò wà, nítorí ológbò tí ó bá jẹ eku olóògùn yóò bá a lọ. Nígbà tí ọdún bá ń súnmọ́lé, kí a tètè ti ilẹ̀kùn, nítorí àwọn kan ń bẹ ní ilẹ̀ wa tí ń jẹ ẹran ológbò, ọwọ́ olè kì í sì bèèrè ta ni ó ni ín.

Bí a bá wo gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí, a ó rí i pé díẹ̀ ni ó kan ẹran nínú wọn. Ẹni tí yóò dé ọbẹ̀, ènìyàn ni. Ẹni tí yóò fọ ọgbẹ́, ènìyàn ni. Ẹni tí yóò pa ọwọ́ mọ́ nígbà tí ọmọ ológbò wà lábẹ́ ibùsùn, ènìyàn ni. Àwọn àgbà ní bí ológbò bá re àjò, ilé a di ilé èkúté, òótọ́ ni wọ́n sì wí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí onílé fúnra rẹ̀ bá re àjò ni a ń mọ ilé tí ó tó ẹran sìn. Ilé tí ọmọ ọdún 10 ti lè bu omi sí abọ́ ológbò, kí ó tú ajá sílẹ̀ lálẹ́, kí ó sì ka ẹyẹlé bí wọ́n ti ń wọlé, láìsí pé ẹnikẹ́ni pariwo mọ́ ọn, ilé náà ni kí a fún ní ọmọ ológbò. Èyí tí kò bá tíì dé ibẹ̀, kí ó lọ ra pàkúté eku lọ́jà ná, kí ó sì máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.